Àmín Tí Mo Ṣe ní Jẹ́dà

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́. Ẹ ní láti ìgbà tí mo ti ti ìlú Lárúbáwá dé ni mo ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní àgbàlagbà á wọ yàrá mi ní ilé ìwòsàn, n ò ní í tíì béèrè àlàáfíà ilé, n ò ní í tíì béèrè ọmọ, màá ti la ẹnu gbàgà: “Ṣé ẹ máa ń mu ọtí, sà? Irú èwo? Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn?” Wọ́n ní mo bi lémọ́mù kan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, tòun ti láwàní lórí. Òótọ́ ni, mo bi í. Màá sì tún bi ẹlòmíràn lọ́la.

Ẹ ní kí n kọ bí ọ̀hún ṣe rí. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́: wúrà, títì tó ń dán, iná tí kì í lọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́ta tí mo lò, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà máa fi wúrà tàn yín. Ọkùnrin kan kú. Èmi tí mo mọ ohun tó lè gbà á là, mo dákẹ́.

*Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi*

Ooru Jẹ́dà kì í ṣe irú ti Ìwó wa. Tiwa gbẹ ni. Tibẹ̀ ń ti inú òkun wá, a sì máa lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa. Bí mo ṣe jáde láti ibi ẹ̀rọ amúlétutù ní pápákọ̀ òfurufú, ńṣe ni awò ojú mi ṣú bìrìmù. N ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo dúró gbagidi pẹ̀lú ẹrù mi, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé, “Yéè, ṣé báyìí ni mo ṣe máa sọnù?” Ìgbà náà ni òórùn dídùn kan fẹ́ sí mi nímú, òórùn bí ọsàn wẹ́wẹ́, ohùn kan sì tẹ̀lé e.

“Ọmọ Ìwó! Dókítà wa! Káàbọ̀ o.”

Mo nu awò mi. Ọkùnrin tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ jalabíà funfun, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì kún ojú. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àlàájì Múfútáù, nítorí n kò ní dá orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ṣiṣẹ́ ní èbúté Jẹ́dà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dé sí Jẹ́dà tí kò ní í lọ pàdé, pàápàá obìnrin tí kò ní ẹbí. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa pé mò ń bọ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Ó gba ẹrù mi, ó gbé e sórí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Àlàájì, ẹ mà ń ta sánsán o!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Súnnà ni, àbúrò mi. Ànábì fẹ́ràn lọ́fíńdà.”

Mo yìn ín títí a fi dé ilé. Ẹ rántí pé mo yìn ín.

Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Ràbíátù, ti ro ẹ̀bà kalẹ̀, gàárì tí àwọn aláàjì gbé wá láti ilé. Ó fi ẹran àgùntàn se ọbẹ̀, ó sì tún gbé fúùlù wá, ẹ̀wà tí àwọn Lárúbáwá ń jẹ láàárọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Hàlímà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ní, “Kúnlẹ̀ kí Dókítà.” Ó dáhùn ní Lárúbáwá pé òun ti kí mi tán, kí ni wọ́n ń fẹ́ kí òun máa tún un kí? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Àlàájì bu òkèlè méjì, ó ní òun ti yó. Dókítà ni mo pe ara mi o. Mo rí i, mo sì rò pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.

*Obìnrin tó ń ṣàìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀*

Ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan rí mi nínú aṣọ funfun, ó na ife tíì rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún un, mo wá lọ jókòó sórí àga dókítà. Háà! Ojú ti ìyá náà débi pé ó dìde, ó fi ẹnu kò mí lórí. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé dàbínù wá fún mi, ó sì ń pè mí ní “dúkutóórà, ọmọ mi.” Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Wọ́n lè fi àbùkù kàn ọ́ láàárọ̀, kí wọ́n fún ọ lóúnjẹ tí o ò ní í lè jẹ tán lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n àjèjì ni àjèjì ń jẹ́. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní ìkáámà, o ò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé, ọwọ́ ọ̀gá rẹ sì ni ìwé ìrìnnà rẹ wà. Tí o bá fẹ́ jáde kúrò nílùú, òun ló máa fọwọ́ sí i. Ká má tíì sọ ti ọtí. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọtí, ẹ̀wọ̀n ni, pàṣán ni, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfurufú. Ìyàwó àtọmọ rẹ̀ á bá a lọ.

Kò pẹ́ tí Àlàájà Ràbíátù fi ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n láàárọ̀. Ó ní òun ń bì, oúnjẹ kò lọ, oorun kò sí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo fún un lóògùn inú. Ó tún wá, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ náà dúró ṣinṣin.

“Àlàájà, ọwọ́ yín ò mà gbọ̀n.”

“Láàárọ̀ ni, Dókítà. Tó bá ti gbé kòlóńyà mu tán, á dúró.”

“Gbé kí ni mu?”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà. “Kì í ṣe èmi, Dókítà. Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe èmi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ kòlóńyà, lọ́fíńdà ni, tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Wọ́n á ta á sí àlejò lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ògidì ọtí líle ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìlú tí kò sí ilé ọtí, òun ni ẹni tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ ń gbé mu. Láti àárọ̀ ni Àlàájì ti ń mu ún, kó tó lọ sí èbúté. Kò lè lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkùnrin, nítorí ẹni yẹn á kọ ọ́ sílẹ̀ ní Lárúbáwá, ọ̀gá á sì kà á. Ni ìyàwó bá gbé àìsàn ọkọ wọ ara rẹ̀ bí ìbòrí, ó gbé e tọ̀ mí wá. Gbogbo oògùn inú tí mo kọ fún un, Àlàájì ló gbé wọn mì. Kòlóńyà ló sì fi gbé wọn mì.

Òórùn tó pàdé mi ní pápákọ̀, tí mo kúnlẹ̀ yìn, òun náà rèé.

*Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ*

Mo lọ bá a nílé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo béèrè èbúté, mo béèrè ọkọ̀ ojú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà títí tí ọ̀rọ̀ ìjọba fi tán lẹ́nu wa. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọmọdé ṣe ń bi Àlàájì pé ṣé ó ń mu ọtí? Ẹni tó gbé ẹrù mi sórí! Ní gbẹ̀yìn, mo yí sí èdè Òyìnbó, mo fi bi í bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò. Ojú ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ kalẹ̀.

“Ràbíátù ti sọ fún ọ.” Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. “Ọdún tí ìyá mi kú, àbúrò mi, wọn ò fọwọ́ sí ìwé kí n lọ sin ín. Ọ̀gá ní ẹrù pọ̀ ní èbúté. Mo ra ìgò kòlóńyà kan kí n fi para lọ́jọ́ tí a máa ṣe àdúrà rẹ̀ níbí. Mo tọ́ ọ wò. Oorun gbé mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá oorun yẹn.”

Ó sunkún. N ò tíì rí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kó sunkún níwájú mi rí. Ó wá gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì.

“Ọ̀túnla ni àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A jọ ń lọ sí Mékà lọ́la, ìwọ náà á bá wa lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni màá ti jáwọ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! N kò tún ní fi kan ètè mi mọ́ láéláé.”

“Alihamudulilahi!” Ìyàwó rẹ̀ ló ké bẹ́ẹ̀, ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ dúró níbí yìí pẹ̀lú mi. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ara tó ti mọ́ ọtí lọ́dún púpọ̀, tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á bínú. Á gbọ̀n, á máa rí ohun tí kò sí, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Ìkà ni ọtí yẹn: mímu rẹ̀ ń pa èèyàn, ìjáwọ́ rẹ̀ lójijì náà ń pa èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní láti sọ pé: “Àlàájì, ẹ má jáwọ́ lójijì. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tàbí ká gbé yín sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n fún yín lóògùn.” Bẹ́ẹ̀dì túmọ̀ sí ìwé, ìwé túmọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ó wá ku kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí létí ná. Èmi obìnrin Mùsùlùmí, nígbà tí àwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ní ojú ọ̀nà Mékà, kí n sọ fún Àlàájì pé kó mu díẹ̀ lónìí, kó mu díẹ̀ sí i lọ́la!

“Dókítà, ẹ bá wa ṣe àmín,” ni Àlàájà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo ṣe àmín.

*Mékà*

Ìlú náà wà láàárín òkè, òkúta dúdú yí i ká. Nígbà tí mo rí ilé Ọlọ́run tó wọ aṣọ dúdú láàárín gbogbo funfun yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. N kò ní í parọ́ fún yín, ọkàn mi fúyẹ́. Mo ní bóyá Ọlọ́run tó ni ara ni yóò bójú tó ara.

Ilé àbúrò Àlàájì la dé sí ní àdúgbò Áṣíhírì: Ùsítáàsì Lúkúmánù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì, ọmọlúwàbí, ìwé kún ilé rẹ̀ títí dé àjà. Òun ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ara ògiri ilé Ọlọ́run láti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Láti òkèèrè ni mo ti ń wò wọ́n. Àlàájì fi àyà lẹ ògiri, ó ń sunkún, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin kan tí a kò mọ ibi tó ti wá tú ìborí orí ara rẹ̀, ó fi nu omijé rẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ láàánú àlejò, ẹ jọ̀ọ́. Lásìkò ìṣínu, ńṣe ni wọ́n máa ń du àlejò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó tẹ́ ẹní oúnjẹ síbí yìí á fà ọ́ lápá, tọ̀hún á fà ọ́ láṣọ, kí o ṣáà jẹ dàbínù tirẹ̀ kó lè gba láádá. Lọ́jọ́ kìíní àwẹ̀, bàbá Lárúbáwá kan ki dàbínù sí Àlàájì lọ́wọ́, ó bọ́. Ó tún fún un, ó tún bọ́. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n rìrìrì. Bàbá náà wò ó tìyanutìyanu, ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run mà wọ ara ẹni yìí o, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi dàbínù sí i lẹ́nu. Gbogbo ẹlẹ́ní ní, “Máṣá Allah.”

Èmi nìkan ló mọ ohun tí mo ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, òógùn ń dà lára rẹ̀ nínú yàrá tó tutù. Ó ń gbá èèrà kúrò lára ẹní ìkírun, kò sì sí èèrà kankan. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹrù pọ̀ ní èbúté ni. Ùsítáàsì fi ọwọ́ lé e lórí, ó ń ka Kùránì. “Èṣù inú ọtí ló ń jáde,” ó wí, tayọ̀tayọ̀. “Ẹ má fòyà. Bó ṣe ń jáde nìyẹn.”

Mo fa Àlàájà wọ ilé ìdáná. “Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.”

“Kí la máa sọ pé ó ń ṣe wọ́n?”

“Òótọ́.”

Obìnrin tó ju ẹ̀gbọ́n mi lọ wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. “Dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Wọ́n á mú un. Wọ́n á lé wa. Hàlímà kò mọ ibòmíràn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí, ó ku díẹ̀. Ẹ má fi í lé wọn lọ́wọ́.”

Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ojú mi sì bọ́ sórí pẹpẹ. Ìgò kòlóńyà kan wà níbẹ̀, ó ti dé ìdajì, èyí tí Ùsítáàsì fi ń ta sí àlejò lọ́wọ́. Ìdérí kan péré nínú rẹ̀, kí n pò ó mọ́ omi, ì bá mú ara Àlàájì rọlẹ̀ títí a fi máa mọ ohun tí a máa ṣe. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo gbé ìgò náà. Mo ṣí i. Òórùn ọsàn yẹn gba imú mi. Lóde, wọ́n ń pe ìrun. Ọ̀sán àwẹ̀ ni, Mékà ni, ẹni tó wà nínú yàrá sì ti fi Ọlọ́run búra. Mo ní tí mo bá fún un, tí ó sì là, ta ló máa gbà mí lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Mo dé ìgò náà, mo dá a padà sórí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àlásárì, gìrì mú un. Ó mú un lẹ́ẹ̀kan, ó mú un lẹ́ẹ̀kejì, kò dáwọ́ dúró mọ́. A kò tún bi ara wa ní ohun tí a máa sọ, a gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti dákẹ́ ká tó dé. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, yíjú sí mi nígbà tó gbọ́ pé dókítà lèmi náà. Ó ní ṣé Àlàájì lo nǹkan kan kó tó ṣàìsàn.

Mo ní, “Aláàwẹ̀ ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

*Oríire*

Wọ́n kírun sí i lára nínú mọ́ṣáláṣí ńlá, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n sin ín sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Al-Hujún. Àwa obìnrin kò lọ. Ilé la jókòó sí, Ùsítáàsì sì dé pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ẹ má bú u. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ lòun náà ń sọ. Àwọn Yorùbá Jẹ́dà ń wọlé, kò sẹ́ni tó sọ pé “ẹ kú àṣẹ̀hìndè” láìfi “ẹ kú oríire” tì í. Ó kú ní Mékà! Ó kú nínú àwẹ̀! Ó kú lẹ́yìn ẹ̀jẹ́! Ta ni kò fẹ́ irú ikú bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń bá mi yọ̀ pé ojú mi ló ṣe. N kò rí ibi kankan tí mo lè jókòó sí sunkún.

Mo parí ọdún mi ní Jẹ́dà. Mo ń wo àwọn aláìsàn, mo ń jẹ ìrẹsì wọn, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ta kòlóńyà sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, màá lọ fọ ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀ wálé, Àlàájà Ràbíátù wá dágbére fún mi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù lọ́wọ́, omi mímọ́ ti Mékà, pé kí n gbé e lọ fún ìyá mi. Hàlímà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dókítà. Ó dàbọ̀.” N kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Kí ni ǹ bá ṣe ká ní ẹ ò sí? Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀ yín wá, ẹ̀yin lẹ sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kó kú sínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí ẹni tó máa dúró tì yín, bí ẹ ṣe dúró ti bàbá Hàlímà.”

Mo la ẹnu mi láti ṣe àmín. Kò jáde. Ó rò pé ẹkún ló dí mi lọ́fun, ó sì ń nu ojú mi.